Mo fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sílẹ̀ ní Kubwa, 504 bàbá mi náà wà nílẹ̀ ní Kàdúná: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bàbá 504

Ẹ kúuṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún márùn-ún n'Ílọrin, mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo wá sí Àbújá, ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní mẹkáníìkì fílééjì Apo, Toyota àti Honda la máa ń ṣe jù. Mo ti wá fẹ́ dá dúró. Mo rí ilẹ̀ kékeré kan ní Kubwa tó lè gba mọ́tò mẹ́rin, owó tí mo tù jọ ò pọ̀ ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Bàbá mi tó ṣaláìsí ní Peugeot 504 sálúùn kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Kàdúná ni wọ́n ti ṣòwò títí wọ́n fi lọ, mọ́tò yẹn sì ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa fún ọdún mọ́kànlá. Òun ni wọ́n fi gbé màmá mi lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òun náà ni wọ́n fi ń gbé gbogbo wa lọ síléèwé. Àwọn tó ń ra àjákù irin ti wá lọ́pọ̀ ìgbà, màmá mi ò dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ gbé e wá síbí kí n tún un ṣe, kó máa dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn èèyàn máa fi rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé kí n ṣe méjèèjì pọ̀ ni àbí kí ọ̀kan ṣáájú? Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òdodo fún mi, ẹ má wojú mi.

Ẹ̀gbọ́n Apo

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó náwó. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ: ṣọ́ọ̀bù ni kó máa bọ́ 504, má jẹ́ kí 504 jẹ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ ra Beetle àtijọ́ kan lọ́dún tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, owó tó yẹ kó fi ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló fi ń ra pátì, mọ́tò kọ́sítọ́mà á dé á máa rán ọmọ lọ yá irinṣẹ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò, kọ́sítọ́mà á jókòó á máa wo ojú ọ̀nà, nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ kò rí owó ilẹ̀ san mọ́. Beetle yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé onílé dòní, kò tíì ní ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ya owó méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Tó bá di Sátidé, tó o ti yọ owó ilẹ̀, tó o ti yọ owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, tó o ti yọ owó ilé, mú díẹ̀ níbẹ̀ fún 504. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí, má yá owó.

Irinṣẹ́. Má tíì lọ wo lífítì tó ń gbé mọ́tò sókè. Ohun tí kọ́bọ̀ ẹ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o da kọnkéré sí apá kan ilẹ̀ yẹn, kó tó mọ́tò méjì, torí jáàkì tó dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa wa yìí á máa rì tó bá di àsìkò òjò. Lẹ́yìn náà jáàkì onítáyà tó gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti sítáńdì irin mẹ́rin. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń fọ́. Ojú mi ló ṣe, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kàn fẹ́ tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì ni. Ọlọ́run ló yọ ọ́, àmọ́ apá rẹ̀ ọ̀tún ò padà sípò mọ́.

Tí ìyẹn bá ti wà, ra sípánà ríǹgì àti fúláàtì láti 8 dé 24, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa, torque wrench (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó), mítà tí wọ́n fi ń wo iná, àti géèjì tí wọ́n fi ń wọn kọ̀mpírẹ́ṣàn. Ọ̀pọ̀ wa ò ní torque wrench, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ń ba tọ́ọ̀pù sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) jẹ́ nìyẹn. Ti sìkánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe mọ́tò), èyí tó kéré tó lè ka OBD2 (ihò tí wọ́n ń ki sìkánà bọ̀) ti tó fún ẹ láti bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yẹn, tòkunbọ̀ tó kún ìlú yìí sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ibi tí wàhálà wà ni sìkánà máa ń nawọ́ sí, kì í sọ pátì tó o máa rà. Fún àpẹẹrẹ tó bá gbé kóòdù P0171 jáde, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, àwọn kan á sáré lọ ra oxygen sensor, kọ́sítọ́mà á sanwó, iná á tún yọ lọ́jọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́ níbí, eruku ló máa ń lẹ̀ mọ́ MAF sensor (tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì), tàbí kí rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ wọlé ti là lábẹ́ tójú ò rí i. Kọ́kọ́ fọ sensor yẹn, wo rọ́bà, wo fílítà afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ kékeré yanjú ohun tí ẹlòmíì ti bu owó ńlá fún, kọ́sítọ́mà yẹn á bá a dalẹ́.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Nyanya

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti irinṣẹ́, èmi á sọ ti ìwé. Ọkọ mi ni mẹkáníìkì, èmi ni mò ń mú ìwé àti owó, kí n tó dé ibẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ dáa gan-an ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tówó ń gbà lọ. Àbúrò mi, ra ìwé ńlá kan lónìí. Tí mọ́tò bá ti wọlé kọ ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà mọ́tò, máìlì tó ti rìn, ibi tí epo wà lórí géèjì, kó o sì kọ ohun tí ẹni yẹn sọ pé ó ń ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, tó bá ní ó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ tóun bá ń lọ sọ́wọ́ òsì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ya fọ́tò ara mọ́tò yíká lójú ẹ̀. Ìdí ni pé ọkùnrin kan gbé Camry wá sọ́dọ̀ wa, ibi kan ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nígbà tó ń lọ ó ní àwa la họ ọ́, kò sí fọ́tò, a san án. Ó dùn mí wọra, àtìgbà yẹn kò sí mọ́tò tó ń wọlé tí mi ò yà.

Owó pátì yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra. Fi iye tó máa ná wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó o tó tú ohunkóhun, gba owó pátì ṣáájú, dúró de "ó dáa, ẹ máa ṣe é lọ" wọn. Pátì àtijọ́ tó o yọ, fi sínú ọ̀rá kó o dá a padà fún wọn. Gbèsè ńkọ́? O ò lè sá fún un, ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba la wà, tówó oṣù bá pẹ́ gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, àánú tí ò níwèé máa ń di ìjà.

Sì lọ fi orúkọ iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀), orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, kó o fi ṣí àkáǹtì lórúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ tó ní mọ́tò márùn-ún mẹ́fà kì í sanwó sí àkáǹtì orúkọ ara ẹni, iṣẹ́ irú wọn ló sì máa ń gbé èèyàn la oṣù tí ọjà bá tutù já.

Àǹtí Lugbe

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, kọ́sítọ́mà lásán ni mí, àmọ́ ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i. Mẹkáníìkì mẹ́rin ni mo ti pààrọ̀ kí n tó rí èyí tí mò ń lò báyìí, kì í sì í ṣe pé ó mọṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. Ó máa ń pè mí. Tó bá sọ ago mẹ́rin tó wá rí i pé kò ní ṣeé ṣe, á ti pè mí láago méjì. Kì í fi mọ́tò mi lọ síbì kankan àfi tó bá fẹ́ tẹ́sìtì ẹ̀, á sì sọ fún mi. Ó tẹ́ nǹkan sórí síìtì. Ọ̀kan nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ fi mọ́tò mi lọ síbi àríyá ní Mararaba, ọ̀rẹ́ mi ló rí i níbẹ̀ tó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọlọ́mọ.

Àgbà Kàdúná

Ọmọ mi, inú mi dùn sí màmá ẹ. Ẹ bá mi kí wọn.

Èmi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Peugeot níbí nígbà èwe mi, PAN là ń pè é, 1975 ni wọ́n ṣí i, kò sì sẹ́ni tó gbé Kàdúná nígbà yẹn tí kò mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. 504 yẹn, 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde, 1969 wọ́n dìbò fún un ní Yúróòpù pé òun ni mọ́tò ọdún náà. Ohun tó jẹ́ kó bá ilẹ̀ Hausa lára mu ni pé ó ga nílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lórí kòtò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò sì le láti tú. Wágọ̀n ẹ̀ ló kó gbogbo wa láti Kano lọ sí Ìbàdàn nígbà ayé ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Toyota lo ní, ẹ́ńjìnnì yìí yàtọ̀. Sílíìfù ẹ̀ (páìpù irin tí písítọ́ọ̀nù ń rìn nínú ẹ̀) kò há mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ó kàn jókòó sínú omi ni, rọ́bà tàbí bébà ló wà ní ìdí ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi kọjá sínú ọ́ìlì. Nítorí náà tó o bá ti ká tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò, má yí kíráńkì rárá láìjẹ́ pé o fi bóòtì àti wáṣà tẹ sílíìfù wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀. Tó bá fi lè gbéra pẹ́nrẹ́n, ìdí ẹ̀ ti ṣí nìyẹn, o máa to ẹ́ńjìnnì tán, á jó, ọ̀sẹ̀ kejì wàá fa ọ́ìlì yọ á dà bí ọ̀gì bàbà. Àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa ló ti bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ní gáásíkẹ́ẹ̀tì ni kò dáa. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé o ò ní gbé e lọ fún rìbọ́ọ̀rìn (kí wọ́n tún ihò ẹ̀ gbẹ́), tí sílíìfù bá ti jẹ, wàá fa òun àti písítọ́ọ̀nù yọ pọ̀, wàá ti tuntun bọ̀ ọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yọ sókè díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba, wọ̀n ọ́n, má fi ìka wò ó.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ̀, alumíníọ̀mù ni. Ìgbóná ni ọ̀tá ẹ̀. Tí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan rí, gbé e lọ kí wọ́n fi irin gígún wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀, kí wọ́n ṣá a kó dọ́gba. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń yọ tẹ́mósítáàtì (tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó) dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Dá a padà. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Kàdúná kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ẹ́ńjìnnì tó ń tutù jù á máa mu epo, á sì máa jẹ ara rẹ̀. Bákan náà, má da omi bọ́hóòlù nìkan sínú ráídétọ̀, omi ibẹ̀ máa ń di ẹfun sára irin, pò ó mọ́ kúláǹtì ìdajì-ìdajì pẹ̀lú omi tó mọ́.

Ọmọ Bàbá 504

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ ti sílíìfù yẹn rárá, ṣe ni ǹ bá tú u bí mo ṣe ń tú Corolla. Àbúrò mi lọ ya fọ́tò fún mi lánàá. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ̀ kalẹ̀, eku ti wọnú ẹ̀, ewé kún gbogbo abẹ́ gíláàsì iwájú. Ó fẹ́ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì, kò yí. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Àgbà Kàdúná

Kò kú, ó sùn ni. Sọ fún un pé kó má bá a jà. Kẹ́ ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́ dísù (epo dísẹ́ẹ̀lì), ẹ da díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè tún bù sí i láàárín. Lẹ́yìn náà ẹ fi gíá sí fíríì, ẹ fi sípánà gígùn mú nọ́ọ̀tì iwájú kíráńkì, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, sùúrù ni. Ẹ má fi sítátà ṣe é, ẹ má sì fi mọ́tò míì wọ́ ọ kẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń jáǹpù ẹ̀, ríǹgì á ṣẹ́ nínú ẹ̀. Tó bá ti yí, ẹ ò tíì lè sitáàtì ẹ̀ o. Fa epo ọdún mọ́kànlá yẹn dànù, ó ti di gọ́ọ̀mù, yọ táǹkì wálẹ̀ kó o fọ̀ ọ́, tú kábúrétọ̀, pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, gbogbo họ́ọ̀sì tó jẹ́ rọ́bà ti lọ nìyẹn. Tí táǹkì bá ti lu, má jẹ́ kí wẹ́dà kankan tan iná sún mọ́ ọn torí pé o ti fa epo kúrò, èéfín epo tó kù nínú ẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n Apo

Kí n fi kún ti bàbá. Bíréèkì kó ṣáájú kíkùn o. Omi bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá gbogbo páìpù yẹn ti dípẹtà nínú. Họ́ọ̀sì bíréèkì lè dáa lójú kí inú ẹ̀ ti wú pa, wàá tẹ bíréèkì á mú, kò ní tú sílẹ̀ mọ́. Pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4 ni kó o dà sí i, má dán ọ́ìlì míì wò. Táyà yẹn, kódà tí ojú ẹ̀ bá dà bí tuntun, jù ú nù. Tó o bá ń ra òmíràn, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Àwọn tó ń ta táyà tòkunbọ̀ máa ń fi nǹkan kun ún kó máa dán, nọ́ńbà yẹn ni kó o wò.

Okun Boy

Ṣé ẹ ò rí i pé wàhálà yìí pọ̀ jù, kí ló dé tí kò ní fi ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ kan sí i kó máa lọ? Pátì ẹ̀ wà níbi gbogbo, òun náà sì mọ̀ ọ́n tú.

Àgbà Kàdúná

Wọ́n ti ṣe é, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, 504 ní ọ̀pá kan tó gba abẹ́ láti gíábọ́ọ̀sì lọ bá dìfù (gíá tó ń yí táyà ẹ̀yìn) lẹ́yìn, àpò irin ló bo ṣáàfù mọ́nú, ó so ẹ̀yìn mọ́ iwájú pọ̀. Tó o bá yọ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ẹ̀, o ti fẹ́ gé ìyẹn, o ti fẹ́ gé ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí, wẹ́dà á máa lẹ irin mọ́ irin. Owó tó o rò pé o ó fi pamọ́ ti tán síbẹ̀. Àti pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìwé mọ́tò á yàtọ̀ sí ti ara ẹ̀, o gbọ́dọ̀ lọ tún ìwé ṣe. Mọ́tò bàbá ẹ ló fẹ́ tún ṣe, jẹ́ kó jẹ́ ti bàbá ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Apo

Mo wà lẹ́yìn bàbá. Àfi tí búlọ́ọ̀kù bá ti là nìkan, tó bá di bẹ́ẹ̀ kó wá ẹ́ńjìnnì 504 míì. Ìwé tí wọ́n mẹ́nu bà yẹn náà, àbúrò, má fojú kéré ẹ̀. Orúkọ bàbá ẹ ló ṣì wà lórí mọ́tò. Kí ẹ̀yin ọmọ pẹ̀lú màmá jọ fẹnu kò, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nípa ìwé kóòtù tó fún yín láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé e. Mo mọ ibi tí wọ́n ti tún mọ́tò ṣe tán tí ẹ̀gbọ́n kan wá dé láti ìlú òyìnbó tó ní tòun ni.

Pẹ́ńtà Zuba

Ẹ̀yin ẹlẹ́ńjìnnì ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí àwa oníkùn náà sọ díẹ̀. Àbúrò, oríire ẹ ni pé Kàdúná ló gbé. Mọ́tò àtijọ́ tó bá ti gbé etí òkun l'Ékòó, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ á ti jẹ abẹ́ ẹ̀, àmọ́ tòkè yìí, ooru lè ba dáṣíbọọ̀dù àti rọ́bà jẹ́, irin ẹ̀ sábà máa ń wà. Ibi tó o máa yẹ̀ wò dáadáa ni ibi tí ewé kó sí lábẹ́ gíláàsì iwájú yẹn, ewé máńgòrò tó bá rẹ á máa di omi mú láti òjò dé òjò, omi á gbà á wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò pátá, fi súkúrúdíráfà gún ilẹ̀ ẹ̀, wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wo inú búùtù níbi tí táyà àfidípò ń gbé. Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà (ìyẹn filler, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò) ni wọ́n fi dí i. Ibi tó ti jẹ, gé e kúrò kẹ́ ẹ fi irin tuntun wẹ́dì ẹ̀. Ẹni tó bá fi fílà dí ibi tó ti dípẹtà, abẹ́ ẹ̀ á máa jẹ lọ ni, lẹ́yìn òjò méjì kíkùn á wú bí ojú eéwo.

Àkókò náà ṣe kókó. Mi ò kì í gba iṣẹ́ kíkùn odindi ara mọ́tò nínú òjò ńlá, torí tí ọ̀rinrin bá pọ̀ lójú ọjọ́ kíkùn máa ń funfun lójú bí ẹni pé èéfín bò ó. Ọyẹ́ náà, eruku á kó sí i. Èyí tó dáa jù fún mi níbí ni ìgbà tí òjò bá ti ń lọ lóṣù kẹwàá kí ọyẹ́ tó dé, ní kùtù òwúrọ̀ kí atẹ́gùn tó gbéra, tí mo ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Lo àwọ̀ tí bàbá ẹ lò. Tó o bá yí àwọ̀ padà, ó di dandan kó o lọ yí i nínú ìwé mọ́tò, VIO (àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò) ò ní gbọ́ àlàyé.

Rẹwáyà Gwagwalada

Eku tó wọ inú ẹ̀ ni wàhálà tèmi. Kẹ́ ẹ tó fi bátìrì sí i ẹ pè mí, tàbí ẹ pe rẹwáyà tó ní sùúrù. Eku á ti jẹ ara wáyà, irin ti yọ síta, bátìrì tuntun tó bá kan án báyìí ni iná á sọ. Ẹ tọ ipa wáyà kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) ti kan bọ́ọ̀dì, ẹ ha á títí irin á fi dán, ìdajì iná tí kò tàn nínú mọ́tò àtijọ́, ẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà ló fà á. Fíúsì tó bá ń já, ẹ má fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i, ẹ má fi bébà sìgá wé e, fíúsì ń jó kí mọ́tò má baà jó ni. Kọ́ńtáàtì inú dìsìtíríbútọ̀ náà, ẹ ha á, ẹ wọn àlàfo ẹ̀, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n á sọ pé kábúrétọ̀ ni, tó sì jẹ́ kọ́ńtáàtì. Ẹ ra fáyà ẹ̀sìtíńgúíṣà oníyẹ̀fun kan síbi tọ́wọ́ ti lè tó o, kẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Nyanya

Mo ti fẹ́ lọ sùn kí n tó rántí ilẹ̀ yẹn. Àbúrò mi, ta ló fẹ́ gbà á fún ẹ? Lọ́wọ́ ta lo ti fẹ́ sanwó? A ti sanwó ọdún méjì pọ̀ rí fún ẹnì kan tó ní òun lòun ni ibẹ̀, ó kọ rìsíìtì fún wa, oṣù kẹrin ni wọ́n wá wó gbogbo ẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ kò sí fún ṣọ́ọ̀bù, onítọ̀hún ò gbé fóònù mọ́. Ọkọ mi ò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Àbújá yìí ní plan, ibi tó ṣófo lójú ọ̀nà tàbí lẹ́bàá rélùwéè ò ṣófo lásán. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, béèrè ìwé, lọ bi àwọn ará Development Control (ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ábújá) kó o tó sanwó. Tó bá ṣeé ṣe san ọdún kan péré. Tó o bá sì dé ibẹ̀, má da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ àbí sínú gọ́tà, kó o máa gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn kan wà tó ń rà á. AEPB (àjọ tó ń bójú tó àyíká l'Ábújá) máa ń wá, yàtọ̀ sí ìyẹn kànga àwọn èèyàn wà nítòsí.

Ọmọ Bàbá 504

Ẹ̀yin ará, mo padà dé, ó ti lé lóṣù méjì. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Ilẹ̀ Kubwa yẹn, mo lọ béèrè bí ìyá wa ṣe sọ, ibẹ̀ sún mọ́ ojú irin rélùwéè jù, ẹni tó fẹ́ gbowó ò ní ìwé kankan. Mo fi sílẹ̀. Mo rí òmíràn nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mọ́tò méjì péré ló gbà, mo san ọdún kan, mo da kọnkéré sí i, mo ra jáàkì, sítáńdì mẹ́rin, sìkánà kékeré. Kọ́sítọ́mà mọ́kànlá ni mo ti kọ sínú ìwé ńlá, mẹ́ta nínú wọn ti padà wá. Ẹni kejì tó wá, P0171 ló gbé wá lóòótọ́, wọ́n ti ta oxygen sensor fún un lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn. Rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ wọlé ló ti là lábẹ́. Mo kàn dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

504 náà ti dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí mọ́tò tí wọ́n fi ń kó mọ́tò ni wọ́n gbé e wá, màmá mi jókòó síwájú pẹ̀lú dírẹ́bà láti Kàdúná dé ibí, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kó dá rìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ síwèé, lọ́yà ti ń bá wa lọ sí kóòtù. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tá a da ọ́ìlì àti dísù yẹn sí i ló yí. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ, mo gbọ́ tó dún wẹ́rẹ́, mo jókòó sílẹ̀.

Mo ti ká tọ́ọ̀pù sílíńdà, bóòtì wà lórí sílíìfù bí bàbá ṣe kọ́ mi. Sílíìfù kẹta ló ti họ, ó ní ilà gígùn kan látòkè délẹ̀. Mo ti wá kíìtì dé Apo àti Zuba, àwọn tó ní in kò lè sọ ìwọ̀n ẹ̀ fún mi, wọ́n kàn ní 504 ni. Bàbá, níbo ni kí n yà sí?

Àgbà Kàdúná

Má ra nǹkan kan níbẹ̀. Fa sílíìfù àti písítọ́ọ̀nù kẹta yẹn yọ, fi aṣọ wé e, kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sórí bébà, kó o wọ rélùwéè òwúrọ̀ ní Kubwa lọ́jọ́ Sátidé. Màá dúró dè ẹ́ ní Rigasa, mo ṣì ní fáníà mi (irinṣẹ́ tá a fi ń wọn nǹkan kínníkínní), a jọ máa wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó fẹ́ tà á kó o tó kówó sílẹ̀. Sọ fún màmá ẹ pé mo ní kí wọ́n kú ìtọ́jú.